Kathleen Kenyon àti Odi Jẹ́ríkò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí olùkọ́ bá ń ka ìtàn inú ìwé Jóṣúà orí kẹfà fún àwọn ọmọ, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wọn: "Ǹjẹ́ a lè rí odi tí ó wó náà lónìí?" Ó yẹ kí olùkọ́ ní ohun gidi láti fi dá wọn lóhùn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a gbé iṣẹ́ Kathleen Kenyon yẹ̀ wò, obìnrin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó walẹ̀ ní Jẹ́ríkò láti 1952 títí di 1958.

Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí ní 1906. Bàbá rẹ̀, Sir Frederic Kenyon, jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú àwọn ìwé Bíbélì àtijọ́ tí a fi ọwọ́ kọ, òun sì ni olórí British Museum. Ọmọ náà kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní Oxford. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ Bíbélì ni ó ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìwalẹ̀, bí kò ṣe ilẹ̀ Áfíríkà tiwa. Ní 1929, ó bá Gertrude Caton-Thompson lọ sí Great Zimbabwe gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán. Àwọn òyìnbó kan ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ènìyàn dúdú kò lè mọ irú odi òkúta bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará Fòníṣíà ni, tàbí àwọn ènìyàn Ayaba Ṣébà. (Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni Frobenius sọ nípa àwọn ère Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, tí ó ń wá orísun wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì ìgbàanì!) Caton-Thompson yẹ ilẹ̀ wò, ó sì kéde ní ọdún náà gan-an pé àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó mọ ọ́n. Inú àwọn kan kò dùn rárá. Ọmọ ọdún 23 ni Kenyon nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Mortimer Wheeler ní Verulamium, ìlú àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọgbọ́n iṣẹ́ náà lè yé ẹ̀yin tí ẹ ti Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà wá, ẹ fi ojú inú wo kòtò ìpìlẹ̀ ilé ní Siporex níhìn-ín. Bí a bá gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún, erùpẹ̀ rẹ̀ lè má rí bákan náà: ọ̀rá àti èédú lókè, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lábẹ́ rẹ̀, yanrìn nísàlẹ̀ pátápátá. Ti ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ débẹ̀, àfi bí ẹnìkan bá ti gbẹ́ ihò wọ inú rẹ̀. Kenyon a máa pín ibi iṣẹ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, a sì fi ògiri erùpẹ̀ sílẹ̀ láàrin wọn láìwà á, kí ojú lè máa rí ìpele kọ̀ọ̀kan. Àfọ́kù ìkòkò tí ó bá wà nínú ìpele ni yóò sọ ìgbà rẹ̀.

Ṣáájú rẹ̀, John Garstang, tí ó walẹ̀ ní Jẹ́ríkò láti 1930 sí 1936, ti sọ pé òun rí odi ìgbà Jóṣúà, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì yọ̀. Kenyon tún odi kan náà wò. Àwọn ìpele ilẹ̀ fi hàn pé ó ti wà ní ohun tí ó ju 2000 ọdún lọ ṣáájú ìbí Kristi, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú Jóṣúà. Ìlú mìíràn tí a kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ jóná ní nǹkan bí 1550 ṣáájú ìbí Kristi. Ohun tí ó kù láti ìgbà Jóṣúà kéré púpọ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti rò ó, òjò àti afẹ́fẹ́ ti gbá ìpele òkè lọ. Àwọn kan ṣì ń bá a jiyàn lórí ọdún wọ̀nyí. Ohun tí èmi yóò sọ fún ọmọ tí ó bá bi mí ni pé odi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a lè nawọ́ sí pé ti Jóṣúà nìyí.

Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni ó ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí: ilé ìṣọ́ olókùúta tí ó ga ju mítà 8 lọ, tí ó ní àtẹ̀gùn 22 nínú, tí ó sì ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún. Ní 1953 ó tún rí agbárí òkú 7 tí a fi amọ̀ funfun mọ ojú fún, tí a sì fi ìkarahun ṣe ẹyinjú wọn.

Ó walẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù láti 1961 sí 1967, ó sì jẹ́ olórí St Hugh's College ní Oxford láti 1962 sí 1973. Àléébù kan ni mo rí sí i: ó pẹ́ kí ó tó kọ àbọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tí a ti wà kò ṣe é wà lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nígbà tí ó kú ní 1978, ìwé 2 péré ni ó ti jáde nínú ìwé 5 tí ó sọ nípa ìwalẹ̀ Jẹ́ríkò. Àwọn mìíràn ni ó bá a parí 3 yòókù, láti 1981 sí 1983.