Khus: Koríko Tó Gbé Òórùn Rẹ̀ Pamọ́ Sábẹ́ Ilẹ̀

Bí ẹ bá já ewé koríko ọba, tí ẹ fi ìka rún un, òórùn rẹ̀ á ta sánsán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan wà ní Íńdíà tó jẹ́ pé bí ẹ rún ewé tirẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní gbọ́ òórùn dídùn kankan. Gbòǹgbò rẹ̀ lẹ máa wú. Khus ni wọ́n ń pè é ní èdè Hindi. Àwọn ìwé Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, pè é ní ushira.

Ìtutù ni àwọn oníṣègùn Ayurveda fi mọ̀ ọ́n jù. Àgbo kan wà tí wọ́n ń fún ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ tí òùngbẹ sì ń gbẹ. Nǹkan mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: khus, igi sandal, atalẹ̀ gbígbẹ, koríko kan tó bá òfio tan, àti ewéko méjì mìíràn. Wọ́n á sè é, wọ́n á jẹ́ kó tutù, aláìsàn á sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Sísè ń pa kòkòrò inú omi, omi náà sì ń dípò èyí tí òógùn ti gbà lára aláìsàn, ìyẹn dájú. Àmọ́ pé khus nìkan ń lé ibà lọ, n kò ní fi ìyẹn kọ́ ọmọ kankan. Ẹni tí ibà bá mú, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ìtutù mìíràn wà lára khus tí a lè ṣàlàyé rẹ̀ délẹ̀. Ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, atẹ́gùn gbígbóná tí wọ́n ń pè ní loo máa ń fẹ́ kọjá àríwá Íńdíà, ooru sì lè tó 45°C. Àwọn ará ibẹ̀ á fi gbòǹgbò khus hun ẹní, wọ́n á fi kọ́ ojú fèrèsé, wọ́n á sì máa wọ́n omi sí i. Kí omi tó lè gbẹ, ó gbọ́dọ̀ rí ooru gbà, ara atẹ́gùn tó ń gba àárín gbòǹgbò náà wọlé ló sì ti ń gbà á. Bí omi inú àmù ṣe ń tutù náà nìyẹn: omi ń sun jáde lára amọ̀, ó ń gbẹ, ó sì ń gbé ooru lọ. Gíráàmù omi kan péré tó bá gbẹ báyìí á gbé bíi 2,400 joule ooru lọ. Ní Delhi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ lásìkò náà, ẹní yìí wúlò gan-an. Ní Èkó, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, kò ní fi bẹ́ẹ̀ tu ilé.

Òórùn rẹ̀ wá ńkọ́? Kí a tó gbọ́ òórùn nǹkan, mólẹ́kù gbọ́dọ̀ fò kúrò lára rẹ̀ wọ imú wa. Citral, tó ń mú koríko ọba ta sánsán, ní kábọ̀n 10 nínú mólẹ́kù kan. Khusimol, ọ̀kan pàtàkì nínú òróró khus, ní 15. Èyí tó wúwo kì í yára fò. Ìdí nìyẹn tí òórùn khus, tó dà bíi ti ilẹ̀ àti igi pọ̀, fi ń pẹ́ lára aṣọ.

Láti yọ òróró náà, ní ìlú Kannauj ní Íńdíà, wọ́n ń kó gbòǹgbò náà àti omi sínú ìkòkò bàbà ńlá, wọ́n á fi amọ̀ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n á dáná sí i. Ooru omi tó gbé òróró dání á gba inú ọparun lọ sínú ìkòkò kejì tó wà nínú omi tútù, ibẹ̀ ni yóò ti di olómi padà. Mólẹ́kù wíwúwo yẹn náà ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yìí tètè parí.

Gbòǹgbò khus ń lọ tààrà sísàlẹ̀, ó lè jìn tó mítà 3, ó sì ń di ilẹ̀ mú débi pé wọ́n ń gbìn ín dènà ọ̀gbàrá, títí kan Nàìjíríà níhìn-ín. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ òórùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ hú ohun tó di ilẹ̀ mú. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ á gé gbòǹgbò kúrò, á la ìdí koríko náà sí wẹ́wẹ́, á sì tún un gbìn, torí pé irú èyí tí wọ́n ń gbìn jù kì í hù láti inú èso.