Ẹ̀wà Ló Ni Náítírójìn Rẹ̀

Ìbéèrè: Wọ́n ní ẹ̀wà máa ń sọ ilẹ̀ jí. Mo gbìn ín lọ́dún tó kọjá, mo hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo lù ú, mo sì dáná sun pàǹtí rẹ̀. Kí ló dé tí ewé àgbàdo tí mo gbìn síbẹ̀ fi ń pọ́n? (Àgbẹ̀ kan, Ṣakí)

Ìdáhùn: Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ kò lè ṣe ajílẹ̀. Bí a bá pín atẹ́gùn sọ́nà ọgọ́rùn-ún, 78 nínú rẹ̀ ni náítírójìn, síbẹ̀ kò sí ewéko tó lè jẹ ẹ́ bó ṣe wà. Bakitéríà inú kókó róbótó ara gbòǹgbò ẹ̀wà ló ń sọ ọ́ di ohun jíjẹ. Ọdún 1888 ni Martinus Beijerinck, ará Netherlands, kọ́kọ́ ya irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Ewé ẹ̀wà ń fi ṣúgà bọ́ ọ, òun náà ń fi náítírójìn san án padà. Nítorí náà, ẹ̀wà ni bakitéríà náà ń ṣiṣẹ́ fún. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ilẹ̀ ń rí nígbà tí ẹ̀wà ṣì wà láàyè. Èyí tó pọ̀ jù wọ inú èso lọ, torí pé púrótéènì kò lè wà láìsí náítírójìn, ó sì ti bá àpò ẹ̀wà lọ sọ́jà. Ìyókù wà nínú ewé, igi àti gbòǹgbò. Ìyẹn gan-an lẹ hú, tí ẹ sun, iná sì dá púpọ̀ nínú náítírójìn rẹ̀ padà sínú atẹ́gùn.

Ẹnìkan lè sọ pé àgbàdo tó tẹ̀lé ẹ̀wà ṣáà máa ń dára ju èyí tó tẹ̀lé àgbàdo lọ. Òótọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ewé tó ti rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ìkórè ń jẹrà, ẹ̀wà tí bakitéríà ń bọ́ kì í sì í fa náítírójìn ilẹ̀ tó bí àgbàdo ṣe ń fà á. Ṣùgbọ́n èrè kékeré nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ sun. Ẹlòmíràn lè ní bóyá bakitéríà ni kò sí nílẹ̀ yín. Ẹ̀wà kì í sábà níṣòro yẹn lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀wà sóyà tó wá láti Amẹ́ríkà ló ní in, ìdí sì nìyẹn tí ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA n'Ìbàdàn fi ṣe irú ẹ̀wà sóyà tó ń gba bakitéríà ilẹ̀ wa. Bí ẹ bá ṣiyè méjì, ẹ hú ẹ̀wà kan nígbà tó bá ń tanná, kí ẹ la kókó rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá pupa, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, ẹ fi àdá gé e mọ́lẹ̀, kí gbòǹgbò dúró, kí ẹ sì da ewé rẹ̀ padà sóko. Bó bá jẹ́ pé ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́, ẹ kó ìgbẹ́ wọn padà síbẹ̀.

Ní ti àgbàdo tó wà nílẹ̀ báyìí, ẹ fún un ní yùríà, ṣùgbọ́n ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó. Bakitéríà mìíràn ń sọ yùríà di irú náítírójìn tí òjò lè gbé lọ, bí omi bá sì dúró sínú oko, àwọn mìíràn tún wà tó ń dá a padà sínú atẹ́gùn kí àgbàdo tó rí i mu.