Ẹ̀kọ́ Karùn-ún: Eré Ìdárayá Aláìpariwo fún Aboyún tí ń Gbé Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé yàrá òkè nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn kan nínú yín a máa sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Mo fẹ́ máa ṣe eré ìdárayá, ṣùgbọ́n àwọn ará ìsàlẹ̀ yóò máa gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ mi." Nítorí èyí, wọn a jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò dára fún ìyá, kò sì dára fún ọmọ.

Ìdí tí ìjókòó pẹ́ fi léwu

Nígbà oyún, ẹ̀jẹ̀ a máa tètè dì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí aboyún bá jókòó pẹ́, ẹ̀jẹ̀ a rọ́ sí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ a wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sínú iṣan. Ẹ̀yìn a máa dùn ún, ìgbẹ́ a sì máa le. Eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n a máa dín ìyọnu wọ̀nyí kù, a sì máa dín ewu ìtọ̀ ṣúgà inú oyún kù. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba aboyún tí ara rẹ̀ le níyànjú pé kí ó máa lo ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀ kan. Èyí jẹ́ ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5. Ẹ lè pín in sí ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹni tí kò ṣe é rí, kí ó fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀.

Ariwo àti oríkèé ara

Bí ẹnì kan bá ń gún iyán ní òkè, ilé ìsàlẹ̀ a máa mì, ìbáà ṣe pákó ni ilẹ̀ yàrá náà, ìbáà ṣe kọnkéré. Ìwúwo tó ń já lu ilẹ̀ ló ń fa ariwo. Bákan náà ni fífò. Bí aboyún bá fò tí ó sì balẹ̀ gbì, ilẹ̀ gba díẹ̀ nínú ìwúwo náà; orúnkún, ìbàdí àti iṣan abẹ́ ló gba ìyókù. Bẹ́ẹ̀ sì ni, oyún a máa mú kí àwọn iṣan tó so oríkèé pọ̀ rọ̀, pàápàá ti ìbàdí, kí ọ̀nà lè ṣí fún ọmọ.

Nítorí náà, ohun tí ará ìsàlẹ̀ bá gbọ́, oríkèé yín ti kọ́kọ́ gbà á. Ẹ má rò pé eré tí kò pariwo kò níláárí. Òun gan-an ló bá ara aboyún mu. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ìmúrasílẹ̀

Ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn sábẹ́ orúnkún nígbà tí ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bu omi mímu sí tòsí, kí ẹ sì gbé àga tó dúró ṣinṣin ti ògiri. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára, nígbà tí ooru kò mú. Bí ibà bá ń ṣe yín, ẹ sinmi, kí ẹ sì lọ rí nọ́ọ̀sì.

Eré mẹ́fà

1. Ìrìn ojú kan. Ẹ dúró, kí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń rìn. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí gìgísẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú 5.

2. Gbígbé gìgísẹ̀. Ẹ di ẹ̀yìn àga mú. Ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin sílẹ̀. Ìgbà 10. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn.

3. Títi ògiri. Ẹ dúró kọjú sí ògiri, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e níwọ̀n gíga èjìká. Ẹ ká ìgbọ̀nwọ́ títí àyà yóò fi súnmọ́ ògiri, kí ẹ sì ti ara yín padà. Ìgbà 10.

4. Ìjókòó àti ìdìde. Ẹ rọra jókòó sórí àga bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí àga má kán, kí ẹ sì rọra dìde. Ìgbà 8. Èyí ń fún itan lágbára fún àtẹ̀gùn.

5. Nínà ẹ̀yìn. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó ń nà, kí ẹ sì dá a padà kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má jẹ́ kí ikùn fà á wálẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ìgbà 10.

6. Fífún iṣan abẹ́. Ẹ fún un pọ̀ bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ àti isó mọ́ra. Ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ tú u sílẹ̀. Ìgbà 8, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ máa mí bó ti yẹ, ẹ má sì ṣe é nígbà tí ẹ bá ń tọ̀. Kì í jẹ́ kí ìtọ̀ máa jò nígbà tí a bá húkọ́ tàbí rẹ́rìn-ín, kódà lẹ́yìn ìbímọ.

Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ geere láì mí hẹlẹ, ìwọ̀n náà dára. Láti oṣù kẹrin, ẹ má ṣe eré kankan tí yóò mú yín fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́. Ìwúwo ilé-ọmọ a máa tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, òòyì a sì kọ́ni.

Àtẹ̀gùn ilé

Gígun àtẹ̀gùn dára fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹ di ìdúrómú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ìró gbá ilẹ̀. Ṣùgbọ́n pípọn garawa omi gòkè kì í ṣe eré ìdárayá. Kí ọkọ tàbí ará ilé bá yín gbé e.

Ta ni kò gbọdọ̀ ṣe é láìgba àṣẹ?

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tí ó ní àrùn ọkàn, tí ibi ọmọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tàbí tí wọ́n rán ẹnu ilé-ọmọ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí:

- ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde lójú ara;
- orí bá ń fọ́ gidigidi, tí ojú sì ń ṣú;
- àyà bá ń dùn yín, tàbí tí èémí kò délẹ̀;
- ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń ro yín;
- inú bá ń mú yín léraléra;
- ọmọ kò bá mira bí ó ti máa ń ṣe.

Sí ẹ̀yin agbẹ̀bí

Ẹ bi aboyún léèrè ibi tí ó ń gbé àti iye àtẹ̀gùn tó ń gùn. Ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ẹ sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó kọ́ ọ ní eré. Ẹ ṣe é lójú rẹ̀, kí òun náà ṣe é lójú yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí fífò kò fi yẹ oríkèé aboyún?
2. Eré wo ni ẹ lè ṣe tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́, tí kò sì ní rí?
3. Ẹ dárúkọ àmì mẹ́ta tó yẹ kó gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ.