Àròkọ Alálàyé: Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Ìbéèrè: Kọ àròkọ lórí "Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ìwúlò rẹ̀ fún oníṣòwò kékeré."

Orí-ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lójú, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo wa ni a mọ ẹgbẹ́ yìí láti ilé. Bàbá ẹni wà nínú rẹ̀, tàbí ìyá ẹni, tàbí olùkọ́ ẹni. Nítorí pé a mọ orúkọ rẹ̀, a rò pé a mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó, yóò pa òwe "Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà," yóò ní ẹgbẹ́ náà dára púpọ̀, ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́, ìrẹ́pọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ojú ìwé yóò kún, máàkì kò ní pọ̀. Ẹni tí ń máàkì ìwé rẹ ti ka òwe yẹn nínú ìwé tí ó ṣáájú tìrẹ, yóò sì tún kà á nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí ó ń wá ni bí o bá lè sọ bí owó ẹgbẹ́ ṣe ń wọlé, bí ó ṣe ń jáde, àti ẹni tí ó ni èrè.

Kí o tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, yẹ orúkọ náà wò. A-jẹ-ṣẹ́-kù: a jẹ, a sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ẹni tí ó wọ ẹgbẹ́ yìí ti pinnu pé òun kì yóò jẹ gbogbo ohun tí òun rí lónìí tán. Ó tún ń jẹ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àwọn ará ọjà a sì máa pè é ní kọpurétíìfù. Èyíkéyìí tí o bá mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò burú, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ jù, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ ti bá ọ ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a da ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pọ̀ mọ́ èésú tàbí àjọ. Ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú èésú, ènìyàn mẹ́wàá lè máa dá ₦1,000 lọ́sẹ̀. Ẹnì kan yóò kó ₦10,000 ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn yóò kó o ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, títí yóò fi kárí. Bí ó bá ti kárí, àpò ti ṣófo. Ní ti àjọ, alájọ ni ó ń gba owó kiri lójoojúmọ́. Ní ìparí oṣù yóò dá a padà fún olówó, yóò sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í tú àpò ká bẹ́ẹ̀. Owó náà wà níbẹ̀, ó ń yí láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó sì ń bí sí i.

Má sì ṣe pè é ní kọ́ńpínì. Ní kọ́ńpínì, ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ ni ohùn rẹ̀ ń ròkè. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹnì kan, ìbò kan ni, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe tálákà. Bí o bá gbàgbé gbogbo nǹkan tí mo kọ síhìn-ín, má gbàgbé èyí.

Àpẹẹrẹ àròkọ nìyí. Kíyè sí i pé obìnrin kan ṣoṣo ni a mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí òǹkàwé má baà sọnù.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Ká ní obìnrin kan ń ta gàrí lọ́jà, ó sì nílò ₦100,000 láti fi ra gàrí sílẹ̀ kí ó tó wọ́n. Báńkì ní kí ó mú ìwé ilé wá. Kò ní ilé. Ó tọ olówó èlé lọ. Olówó èlé ní kí ó máa san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà lóṣooṣù, kí ó sì dá ojú owó padà lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá. Nígbà tí oṣù mẹ́wàá bá fi pé, èlé nìkan yóò ti di ₦100,000. Àwọn baba wa mọ irú ayánilówó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní sogúndogójì. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí kò bá rí owó san a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, a sì máa bá olówó ṣiṣẹ́ títí yóò fi rí ojú owó náà san.

Jẹ́ kí a wá gbà pé obìnrin yìí wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ń gba èlé náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà lóṣù, lórí kìkì owó tí ó bá ṣẹ́ kù lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá ń san ₦10,000 padà lóṣooṣù, èlé oṣù kìn-ín-ní yóò jẹ́ ₦1,000, ti oṣù kejì ₦900, ti oṣù kẹta ₦800. Báyìí ni yóò máa já wálẹ̀ títí ti oṣù kẹwàá yóò fi jẹ́ ₦100. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦5,500. Owó yìí pàápàá kò sọnù, nítorí pé inú àpò tí òun náà wà lára àwọn tí ó ni ín ni ó bọ́ sí.

Níbo ni ẹgbẹ́ ti rí owó tí ó yá a? Ọwọ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Olúkúlùkù ra ìpín nígbà tí ó wọlé, ó sì ń fi iye kan pamọ́ lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í yá ènìyàn ju ìlọ́po méjì ohun tí ó ti fi pamọ́ lọ. Wọn kì í béèrè ìwé ilé. Onídùúró ni wọ́n ń béèrè: ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí yóò fọwọ́ sí ìwé pé bí ẹni yìí kò bá san, kí a yọ ọ́ nínú owó àwọn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ẹni tí ó yá owó ẹgbẹ́ tí ó sì sá lọ kò ja báńkì lólè, kò sì ja ìjọba lólè. Aládùúgbò rẹ̀ tí ó dúró fún un ni ó jà lólè. Owó tí onídùúró ti fi ọdún mẹ́ta kó jọ fún owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ lè wọgbó ní ọjọ́ kan. Nítorí náà, ìwà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó wo àpò. Obìnrin tí kò ní ju igbá gàrí kan lọ, ṣùgbọ́n tí ó ń pa àdéhùn mọ́, kì í wá onídùúró tì. Ọkùnrin tí ó ní ọkọ̀ mẹ́ta, tí ó sì ti já ènìyàn kulẹ̀ rí, lè wá a títí kí ó má rí.

Ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń tọ́ka sí bí a bá ń pìtàn ẹgbẹ́ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tí ahunṣọ wà nínú wọn, ń ra oúnjẹ ní ọ̀wọ́n, oúnjẹ náà a sì máa ní àdàlù. Wọ́n kó £28 jọ, wọ́n sì ṣí ilé-ìtajà tiwọn ní oṣù Kejìlá ọdún 1844. Bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun àti àbẹ́là wà lára ìwọ̀nba ọjà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kòkó ni ó mú ọ̀ràn náà gbilẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá dá gbé àpò kòkó kan wá sọ́jà, iye tí alágbàtà bá pè ni yóò gbà, pàápàá bí ó bá ti jẹ alágbàtà náà lówó kí kòkó tó pọ́n. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbẹ̀ bá sá kòkó wọn dáadáa, tí wọ́n kó o jọ sójú kan, wọ́n lè bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dúnàá-dúrà. Ìjọba ìgbà náà pe C. F. Strickland, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà, láti wá wo ọ̀ràn náà. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1934, òfin sì tẹ̀ lé e ní 1935. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Gbẹ̀dun, lẹ́bàá Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Lónìí, òfin ọdún 1993 ni ó ń darí wọn, ènìyàn mẹ́wàá ó kéré tán ni ó sì lè dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà pín èrè ni ó ya ẹgbẹ́ yìí sọ́tọ̀ jù lọ nínú òwò. Jẹ́ kí a sọ pé ẹgbẹ́ àwọn aláàárù, aládìẹ àti alágàrí yìí tún ń ra ìrẹsì àti epo ní ọ̀pọ̀, tí ó sì ń tà á fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tí ọjà ń tà á. Bí gbogbo ohun tí wọ́n rà lọ́dún bá jẹ́ ₦6,000,000, tí ₦300,000 sì kù láti pín lẹ́yìn tí a ti yọ ti ìpamọ́ ẹgbẹ́ sẹ́yìn, kọ́bọ̀ márùn-ún ni yóò kan náírà kọ̀ọ̀kan. Alágàrí tí ó ra ọjà ₦120,000 yóò gba ₦6,000. Ọlọ́kọ̀ mẹ́ta tí ó ra ₦30,000 péré yóò gba ₦1,500, bí ìpín tirẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ti alágàrí. Ohun tí yóò rí lórí ìpín rẹ̀ kò ju èlé díẹ̀ tí ó ní gbèdéke lọ.

Àmọ́, kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ń dúró. Akápò kan lè jẹ owó náà. Akọ̀wé lè yá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsí onídùúró. Ohun tí ó ń ṣínà fún wọn ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í wá sí ìpàdé, tàbí kí wọ́n wá kí wọ́n máa sùn nígbà tí a bá ń ka ìṣirò owó. Obìnrin alágàrí wa kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iye tí ó san, ó sì ń pa káàdì rẹ̀ mọ́. Ní ìpàdé ọdọọdún, bí akápò bá sáré ka ìṣirò kọjá, òun ni yóò na ọwọ́ sókè pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà."

ÀKÍYÈSÍ

Bí o bá fẹ́ mẹ́nu kan Co-operative Bank tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1953, lo ọ̀rọ̀ tí ó fi hàn pé ó ti kọjá. Nígbà tí àwọn báńkì ń dàpọ̀ ní 2005 sí 2006, ó di ara Skye Bank, Skye Bank náà kò sì sí mọ́ láti 2018. Ìwé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ sórí, wọn a sì kọ ọ́ bí ẹni pé ó ṣì wà. Má sì kó iye owó jọ bí o kò bá lè ṣírò rẹ̀. Ìṣirò kan tí ó pé sàn ju mẹ́rin tí kò bára mu.

ÌDÁNRAWÒ

1. Ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èésú, àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Lo àpẹẹrẹ láti àdúgbò rẹ.

2. Àbúrò bàbá rẹ kọ̀wé sí ọ pé kí o bá òun bẹ bàbá rẹ kí ó dúró fún òun nínú ẹgbẹ́, kí òun lè yá ₦200,000. O mọ̀ pé kò tíì san èyí tí ó yá ní èṣí tán. Kọ èsì lẹ́tà náà, kí o má sì gbàgbé pé àgbà ni o ń kọ̀wé sí.

3. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yá ₦60,000. Ó ń san ₦10,000 padà lóṣù, èlé rẹ̀ sì jẹ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà lóṣù lórí owó tí ó bá ṣẹ́ kù. Sọ iye èlé tí yóò san lápapọ̀, kí o sì fi ìpínrọ̀ kan ṣàlàyé ibi tí èlé náà ń lọ.