Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Àwọn Kànga Ísáákì

Ẹ̀kọ́ kíkà: Génésísì 26:12–33. Àkọ́sórí: Mátíù 5:9.

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, láti Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni a ti ń ka ìtàn yìí, ti Ísáákì ni a sì máa ń gbè. Ẹ jẹ́ kí a tún un kà. Àlejò ni Ísáákì ní Gérárì, darandaran sì ni. Àwọn ará ìlú dí kànga baba rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó máa lọ. Ó gbẹ́ kànga kan, wọ́n jà sí i; ó gbẹ́ èkejì, wọ́n tún jà sí i. Nígbà tí ó gbẹ́ ẹ̀kẹta, ìjà kò sí mọ́. Ó sì pè é ní Réhóbótì.

Ẹ̀yin ará Ajah, ta ni ó jọ Ísáákì láàrín wa lónìí? Fúlàní tí ń da màlúù ni. Àwa ni ará Gérárì.

Èmi kò sọ pé kí àgbẹ̀ fi oko rẹ̀ sílẹ̀ fún màlúù. Ní 20 September 2021, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka dída ẹran jẹ̀ káàkiri léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀jẹ̀ tí a ta ní Ìgangan, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ní June ọdún náà, kò sì gbọdọ̀ kúrò lọ́kàn wa. Ṣùgbọ́n òfin a máa dí ọ̀nà. Kì í gbẹ́ kànga.

Kí ni kànga náà? Omi ni, koríko ni, ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ní 1989 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn darandaran. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni kò mọ ìwé. Àyè nínú ìgbìmọ̀ ìlú ni pẹ̀lú. Kí baálẹ̀, àgbẹ̀ àti aṣáájú àwọn Fúlàní jókòó pọ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Kí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí a ó san fún oko tí ẹran bá jẹ, àti ẹni tí a ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Kí ẹnikẹ́ni má sì di ẹ̀ṣẹ̀ apànìyàn ru obìnrin tí ń ta wàrà.

Ẹ kíyè sí òpin rẹ̀. Ábímélékì wá, Ísáákì se àsè, wọ́n búra fún ara wọn, wọ́n sì pínyà ní àlàáfíà. Ní ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ìránṣẹ́ mú ìròyìn wá pé àwọn kan omi.

Ìbéèrè:
1. Èéṣe tí Ísáákì kò fi jà fún kànga èkíní?
2. Ta ni ó kọ́kọ́ tọ ẹnì kejì wá: àlejò ni, tàbí onílẹ̀?
3. Àlejò wo ni ó wà ní àdúgbò rẹ tí ìwọ kò tíì kí rí?