Pàtàkì Àtúnyẹ̀wò fún Obìnrin tí Sẹ́ẹ̀lì Ọrùn Ilé-Ọmọ Rẹ̀ Yí Padà Díẹ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́." Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ mu, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń rìn kí ó tó di àrùn ńlá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo igi tí ó hù ní oko ni ìrókò. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì yí padà díẹ̀.

Ohun tí ó ń fa ìyípadà

Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà a máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gba sẹ́ẹ̀lì ní ọrùn ilé-ọmọ, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. George Papanicolaou, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tí ó ṣiṣẹ́ ní New York, ni ó la ọ̀nà yìí. Ní 1983 àti 1984, Harald zur Hausen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì rí ẹ̀yà kòkòrò HPV méjì, 16 àti 18, nínú jẹjẹrẹ yìí. Ìbálòpọ̀ ni ó ń gbé HPV ran ni, ó sì wọ́pọ̀ púpọ̀. Ó lè wà lára fún ọdún pípẹ́ láìfura; nítorí náà, èsì yìí kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ṣe àgbèrè. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ara fúnra rẹ̀ ni ó ń lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì, ìyípadà díẹ̀ náà a sì bá a lọ.

Ta ni ó yẹ kí a tún wò?

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú lásán kò lè mọ èyí tí yóò lọ àti èyí tí yóò dúró. Bí a bá gé gbogbo rẹ̀, a lè pa obìnrin lára láìnídìí, nítorí gígé ọrùn ilé-ọmọ lè mú kí ó bímọ láìpé oṣù lọ́jọ́ iwájú. Bí a kò bá ka ọ̀kankan sí, ìrókò yóò dàgbà.

Ìwádìí ALTS, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996 pẹ̀lú obìnrin tí ó lé ní 5,000, dojú kọ ìbéèrè yìí. Wọ́n rí i pé bí èsì sẹ́ẹ̀lì bá wà ní iyèméjì, wíwo HPV lè fi ẹni tí ó yẹ kí dókítà tún wò hàn, kí nǹkan bí ìdajì àwọn obìnrin náà sì bọ́ lọ́wọ́ wàhálà.

Ní England, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, HPV ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò láti òpin 2019. Bí ó bá wà ṣùgbọ́n tí sẹ́ẹ̀lì kò yí padà, obìnrin náà yóò padà wá lẹ́yìn oṣù 12. Bí sẹ́ẹ̀lì bá yí padà, ìbáà ṣe díẹ̀, dókítà yóò fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wo ibẹ̀. Yóò fi omi tí ó dà bí ọtí kíkan pa á, kí ibi tí kò dára lè funfun. Ó sì lè gé bíńtín fún àyẹ̀wò. Bí ìyípadà náà bá kéré lóòótọ́, wọn kì í sábà tọ́jú rẹ̀. Wọn a ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ kankan.

Ipa ti èdè

Ibi tí iṣẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Bí nọ́ọ̀sì bá wí pé, "Kò sí nǹkan," obìnrin náà lè má padà wá mọ́. Bí ó bá wí pé, "Jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀," ẹ̀rù lè lé e lọ. Èyí tí ó tọ́ ni: "Mà, sẹ́ẹ̀lì yín yí padà díẹ̀. Èsì yìí kò sọ pé ẹ ní jẹjẹrẹ. Ó lè lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n a ní láti tún un wò kí ó lè dá wa lójú." Lẹ́yìn èyí ni kí ó dá ọjọ́ fún un.

Àgbálọgbábọ̀

Èsì yìí kì í ṣe ìdájọ́, ìpè ni. Àgbẹ̀ tí ó rí igi kékeré tí kò dá mọ̀ kì í torí rẹ̀ sá kúrò lóko, kì í sì í fi àdá ṣá gbogbo oko. A máa padà lọ wò ó ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá tẹ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí ẹ sì bá a sàmì sí ọjọ́ tí yóò padà lọ.