Afẹ́fẹ́ ni a fi ń yẹ ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ wò kí okùn tó wọ̀ ọ́

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí iṣẹ́ kan tó ń gba ẹ̀gbẹ́ oko wa kọjá. Àwọn kan nínú yín lè ti bá wọn ṣe é rí. Ẹ máa ń rí àwọn tó ń gbẹ́ yàrà tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ń tẹ́ ọ̀pá rọ́bà gígùn sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Àwọn mìíràn rò pé omi ni yóò gba inú ọ̀pá yẹn. Rárá o. Okùn tẹlifóònù ni.

Okùn náà kì í ṣe wáyà irin. Dígí ni, dígí tó tín-ín-rín bí irun orí, tí wọ́n kó jọ sínú rọ́bà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán lọ. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ló gba abẹ́ òkun dé Kútọnu. Èyí tí wọ́n ń pè ní SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, ACE sì tẹ̀lé e ní 2012. Láti etí òkun, okùn mìíràn ló ń gba inú ilẹ̀ wá sí ìgbèríko. Bí ọmọ yín bá pè yín láti ìlú òyìnbó, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín kò ní okùn kankan, àbí? Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ náà lè ti rin ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà nínú dígí yìí kó tó dé òpó irin tó wà nítòsí yín.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú sin okùn náà sínú ilẹ̀ lásán? Nítorí òkúta, nítorí eku, nítorí ọkọ́ àgbẹ̀. Àti pé bí okùn bá bàjẹ́ lọ́la, wọ́n á fa ti àtijọ́ yọ, wọ́n á ki tuntun bọ̀ ọ́, wọn ò ní tún yàrà gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ sin ọ̀pá, tí okùn á wá wọlé lẹ́yìn.

Báwo ni okùn ṣe ń wọ ọ̀pá tó gùn tó kìlómítà kan? Ẹ ronú nípa bí a ṣe ń ki okùn bọ ṣòkòtò. Bí a bá ń fà á pẹ̀lú agbára, aṣọ á ṣùpọ̀, okùn á há. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ọ̀pá: níbi gbogbo tí ọ̀pá bá ti yí, okùn á máa ha ara mọ́ ògiri rẹ̀, fífà á sì máa le sí i. Okùn dígí kò fẹ́ kí a fa òun jù. Nítorí náà wọ́n wá ọgbọ́n mìíràn. Ẹ̀rọ kan á máa ti okùn wọlé láti ẹnu ọ̀pá, afẹ́fẹ́ líle á sì máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí kì í di orí okùn nìkan mú. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbé, bí odò ṣe ń gbé koríko gígùn lọ. Bí ọ̀nà bá dára, okùn lè rin kìlómítà kan kó tó pé wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá jò ńkọ́? Afẹ́fẹ́ á gba ojú ihò náà sá lọ, okùn á dúró ságbedeméjì. Wọ́n á fà á padà, wọ́n á wá ibi tó ń jò, wọ́n á hú ilẹ̀. Okùn náà wọ́n, ó sì lè ti ṣẹ́. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù: ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀pá wò kí okùn tó dé.

Ojú ni a fi ń mọ ọ̀kà tó yó. Ṣùgbọ́n ojú kò rí inú ọ̀pá tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni a máa rán lọ wò ó.

Ní àkọ́kọ́, wọ́n á nu inú ọ̀pá. Wọ́n á ki kànìnkànìn rírọ̀ sí ẹnu rẹ̀ níhìn-ín, wọ́n á so ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ á sì tì í lọ títí yóò fi jáde lọ́hùn-ún. Ohun tó bá kó jáde ni kí ẹ wò. Bí ó bá kó omi, omi ti ráyè wọlé níbì kan. Bí ó bá kó iyanrìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n gbàgbé láti dé ẹnu ọ̀pá nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí. Ìdérí kékeré yẹn, tí àwọn ọmọ máa ń mú lọ ṣeré, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Wọ́n á tún un ṣe títí kànìnkànìn á fi jáde ní gbígbẹ.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ-ìwọ̀n. Ohun líle róbótó ni, ó kéré díẹ̀ sí ihò ọ̀pá. Ọ̀pá tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní mílímítà 40 lóde, ihò inú rẹ̀ sì jẹ́ 33. Ọmọ-ìwọ̀n rẹ̀ lè jẹ́ 27 tàbí 28. Afẹ́fẹ́ ló máa tì í. Bí ó bá jáde lápá kejì, a mọ̀ pé kò sí ibi tí ọ̀pá ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, kò sì sí ibi tó ti ká jù. Bí ó bá há, ẹ jẹ́ kí gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀ wọlé títí yóò fi kan án. Wọ́n á sàmì sí i, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ mẹ́tà 312, wọ́n á wọn mẹ́tà 312 lórí ilẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n á gbẹ́. Ṣé ẹ rí i bí wíwọ̀n ṣe ń gba ẹ̀yìn ènìyàn là?

Èyí tó kẹ́yìn ló gba sùúrù jù. Wọ́n á dí ẹnu ọ̀pá méjèèjì pa. Ọ̀kan nínú ìdérí méjèèjì ní ẹ̀rọ kékeré bí ẹnu táyà àti aago tó ń ka agbára afẹ́fẹ́. Bar ni a fi ń ka agbára yìí. Táyà alùpùpù zẹmijan máa ń gba bíi bar 2, ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá á gba 7 tàbí 8. Ká ní ìwé iṣẹ́ sọ pé kí ọ̀pá gba bar 6 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má sì dín ju 0,5 lọ. Wọ́n á fẹ́ ẹ títí aago á fi dé 6, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á dúró. Kì í ṣe iye kan náà ni wọ́n ń lò níbi gbogbo. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ tirẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ máa ń gbóná. Ẹ fọwọ́ kan ìdí páńpù kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fẹ́ táyà tán, ẹ ó rí i. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá dé inú ilẹ̀ tútù, ara rẹ̀ á balẹ̀, agbára rẹ̀ á sì dín díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá kò jò rárá. Bí ó bá ti ìwọ̀n ooru 40 bọ́ sí 30, bar 6 á di bíi 5,8. Nítorí náà ẹ jẹ́ kó tutù ná. Bí aago bá ti fara balẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ padà dé 6, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú.

Bí ó bá ń dín síbẹ̀, ó ń jò nìyẹn. Oríkèé, níbi tí ọ̀pá méjì ti pàdé, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí oríkèé bá hàn sí gbangba nínú kòtò onísìmẹ́ńtì, ẹ fi omi ọṣẹ kùn ún. Bí ọṣẹ bá hó, ibẹ̀ ni. Ẹni tó ń lẹ rọ́bà kẹ̀kẹ́ mọ èyí dáadáa. Bí wọ́n bá ti sin gbogbo oríkèé, wọ́n á wá ọ̀kan tó wà ní àárín, wọ́n á tú u, wọ́n á yẹ apá ọ̀tún àti apá òsì wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó jò, wọ́n á tún pín in sí méjì. Ọ̀pá mẹ́tà 800 á di 400, á di 200, á di 100. Ó sàn ju kí a hú gbogbo yàrà lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé: kí ló dé tí a kò yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì hàn? Ó dára bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n dída yẹ̀pẹ̀ gan-an ló ń ba ọ̀pá jẹ́ jù: òkúta ńlá á já lé e, ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ á gun orí òkúta, òkúta á tẹ ọ̀pá. Nítorí náà àyẹ̀wò tí a ṣe lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti dé ni kí a gbà gbọ́.

Ẹ ṣọ́ra o!

Afẹ́fẹ́ kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n ó lè pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bar kan dà bí ẹrù kìló kan tó jókòó sórí ibi tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ojú ìdérí ọ̀pá wa tó bí irú ibi bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ àtààbọ̀. Ní bar 6, agbára tó ń ti ìdérí náà á tó kìló 51. Àpò sìmẹ́ńtì kan gbáko nìyẹn, lójú ohun tó lè wọ àtẹ́lẹwọ́. Inú ọ̀pá kìlómítà kan ń gba bíi lítà 855. Nígbà tí aago bá wà ní 6, afẹ́fẹ́ tí a ti kì mọ́ ọn ju lítà 5 000 lọ, ìyẹn bí àgbá onílítà 200 mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ló sì ń wá ọ̀nà àtijáde. Bí ìdérí bá fò, ọta ìbọn ni.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró síwájú ẹnu ọ̀pá, níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ dúró. Kí ẹnìkan wà ní apá kejì pẹ̀lú fóònù, kó máa lé àwọn ọmọdé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń sáré lọ wo ohun tó ń bọ̀. Kí wọ́n fi àpótí líle tàbí àwọ̀n tó nípọn gba ọmọ-ìwọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ hán an. Bí àyẹ̀wò bá parí, ẹ ṣí ẹnu kékeré inú ìdérí, kí afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ títí aago á fi dé òdo, kí ẹ tó tú ìdérí. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ yẹn gbọn eruku ara yín, bó ti wù kí òógùn mú yín tó. Afẹ́fẹ́ líle lè gba ojú egbò wọ abẹ́ awọ, ó sì lè fọ́ ojú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó wàyí. Iye mẹ́tà ni wọ́n sábà máa ń fi san owó yàrà, lójú tèmi ìyẹn náà ló ń mú kí àwọn ènìyàn kánjú. Àwọn ọ̀gá kan á di apá kan owó mú títí àyẹ̀wò á fi dára. Bí ó bá kùnà, àwọn tó gbẹ́lẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ máa ń sọ ibi tí ẹ̀bi wà. Bí ọmọ-ìwọ̀n bá kọjá, tí aago sì ń dín, ẹ lọ wo oríkèé: ẹni tó so ó ló ni iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ẹni tó gbẹ́ yàrà. Bí ọmọ-ìwọ̀n bá há lórí òkúta, ìgbà yẹn ni ká bi ẹni tó da yẹ̀pẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé kà lè sọ èyí fún ọ̀gá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó sì nawọ́ sí ohun tó wà nínú ìwé. Kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ ka ìwé àyẹ̀wò. Ó lè rí báyìí:

Ọ̀pá: láti kòtò 3 dé kòtò 4
Gígùn: mẹ́tà 850
Aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 10: bar 6,0
Aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 40: bar 5,7
Ìyàtọ̀: 0,3

Ìṣẹ́jú mélòó ló kọjá? 40 yọ 10, ó ku 30. Ó pé. Bar mélòó ló dín? 6,0 yọ 5,7, ó ku 0,3. Kò tó 0,5. Ọ̀pá yìí dára, kí wọ́n san owó.

Bí iṣẹ́ bá sì ti parí, tí ẹ ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́jọ́ mìíràn, tí ẹ rí àwọ̀n rọ́bà nínú ilẹ̀, ẹ dá ọkọ́ dúró. Nínú ìlànà Faransé, àwọ̀ ewé jẹ́ ti tẹlifóònù, pupa jẹ́ ti iná mànàmáná, búlúù jẹ́ ti omi. Ẹ sọ fún délégé abúlé kí ẹ tó gbẹ́ síwájú.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí okùn fi máa ń dúró lójú ọ̀nà bí ọ̀pá bá jò?
2. Ọmọ-ìwọ̀n kọjá, ṣùgbọ́n aago ń dín. Níbo ni ẹ máa kọ́kọ́ wò?
3. Ọ̀pá mẹ́tà 600 ń jò. Ẹ pín in sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́tà mélòó ló ṣẹ́kù láti wá?
4. Wọ́n pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ní aago 2 ọ̀sán nínú oòrùn, wọ́n sì kọ bar 6,0 sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní aago 2 àbọ̀, wọ́n kọ 5,4. Ọ̀gá ní ọ̀pá kò dára, òun ò ní san owó. Kí ni ẹ máa bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ṣe, kí ẹ tó gbà pé òótọ́ ló sọ?